Ibi tí mọ́tò ń sùn ní Abẹ́òkúta àti ní Durham

Ìlú méjì ni mo mọ títì inú wọn dáadáa: Abẹ́òkúta tí wọ́n ti bí mi, àti Durham ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí èmi àti ìdílé mi ń gbé báyìí. Orí òkè ni méjèèjì wà, odò ṣàn gba inú méjèèjì kọjá, kò sì sí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí mọ́tò. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Ọdún 1093 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kàtídírà ńlá Durham. Kí mọ́tò tó dé, ilé ti fún mọ́ ilé, títì àárín ìlú kò sì rí ibi fẹ̀ sí mọ́. Ìbéèrè kan náà ni ìlú méjèèjì wá ń bá yí: ta ló lè gbé mọ́tò sí ẹnu ọjà, báwo ni yóò ti pẹ́ tó níbẹ̀, èló ni yóò san, ọwọ́ ta sì ni owó náà ń lọ?

Àwọn ará ilé máa ń sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni páàkì, ìyẹn àyè tí èèyàn ń gbé mọ́tò sí, ní Nàìjíríà, pé Òyìnbó ló ń gbowó lórí ilẹ̀ lásán. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ tí ọjà bá kún, tí àwọn èèyàn ti Èkó àti Ìbàdàn wá ra àdìrẹ. Kí ẹ tó rí àyè, ọmọkùnrin kan á ti sáré dé ẹ̀yìn mọ́tò, á máa gbá bọ́ọ̀tù: "Ẹ máa bọ̀, Bọ̀dá, ẹ máa bọ̀! Ẹ ṣẹ́ ẹ sápá ọ̀tún! Ó ti tó!" Ẹ ó fún un lówó. Ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí mi lójú ọjà o, mi ò tíì tà." Ẹ ó kí Ìyá, ẹ ó bẹ̀ wọ́n, ẹ ó ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì gbà. Ẹ kò tíì jìnnà tí ẹni tó mú tíkẹ́ẹ̀tì dání yóò fi yọ, pé ti ìjọba ìbílẹ̀ ni òun ń gbà. Nígbà mìíràn ẹlòmíràn á tún tẹ̀lé e pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mìíràn. Kò sí iye kan pàtó. Ojú yín ni wọ́n máa wò, wọ́n á wo mọ́tò, wọ́n á sì dá iye lé e.

A ń sanwó, a sì ń san án lọ́nà púpọ̀. Ohun tí a kò ní ni iye tí gbogbo èèyàn mọ̀, ìwé tó sọ iye tó wọlé, àti ẹni tí a lè bi pé kí ló fi owó náà ṣe.

Ní Durham, ilẹ̀ títì ni wọ́n kọ òfin sí. Ìlà yẹ́lò méjì létí títì túmọ̀ sí pé ẹ má gbé mọ́tò síbẹ̀ rárá. Ìlà kan ní wákàtí tirẹ̀, pátákó tó wà lórí òpó á sì sọ wákàtí náà. Níbi tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà funfun pààlà sílẹ̀, ẹ ó fi ẹ̀rọ tàbí fóònù sanwó. Bí àkókò tí ẹ sanwó fún bá tán, káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, gbọ́dọ̀ fún yín ní ìṣẹ́jú 10 sí i kí wọ́n tó lè bu ìtanràn lé yín. Òfin ti wà fún ìyẹn ní England láti 2015. Ìtanràn náà lè tó £70, ṣùgbọ́n ìdajì ni fún ẹni tó bá san án láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tí kò bá gbà pé òun jẹ̀bi lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú adájọ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù, kò sì ní san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Èyí ń yí bí èèyàn ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ padà. Kò sí pé "ẹ jẹ́ kí n yà síbí lẹ́sẹ̀ kan". Kí ìyàwó mi tó jáde lọ ra ẹran, ó ti mọ ibi tí mọ́tò máa wà àti aago tí òun gbọ́dọ̀ padà. Lọ́pọ̀ àdúgbò, àlejò pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ onílé, kó gbé e síwájú mọ́tò, kó tó lè fọkàn balẹ̀ jẹun. Ó máa ń ká mi lára fún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n dúró níwájú ẹ̀rọ nínú òtútù, tí fóònù wọn kò mọ ohun tí ẹ̀rọ ń bi wọ́n.

Ohun tí Durham ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa gbọ́ dáadáa. Odò Wear fẹ́rẹ̀ẹ́ yí àárín ìlú náà ká tán. Orí ilẹ̀ tó wà láàárín odò yẹn ni kàtídírà, ilé olódi àtijọ́ àti apá kan yunifásítì wà, títì kan ṣoṣo tó há, Saddler Street, sì ni mọ́tò ń gbà wọ ibẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ àti mọ́tò ń fara gbún ara wọn lójoojúmọ́. Káńsù wá ní kí mọ́tò tó bá gba ibẹ̀ lọ́sàn-án, láti Mọ́ńdè dé Sátidé, san £2. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni London tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Mọ́tò tó ń gba títì náà dín kù ní bíi 85 nínú 100. Ẹ rò ó wò: £2 péré! Àwọn tó kàn ń yí po níbẹ̀ láti wá àyè kò wá mọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn gbọ̀ngbọ̀n sì ń rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ibi ìgbọ́kọ̀sí mẹ́ta sí etí ìlú, ní Belmont, Sniperley àti Howlands. Ọ̀fẹ́ ni láti gbé mọ́tò síbẹ̀, owó bọ́ọ̀sì nìkan ni èèyàn ń san wọ àárín ìlú.

Ṣùgbọ́n òfin tó de owó náà ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní abala 55 òfin ìrìnnà ọkọ̀ ti ọdún 1984, káńsù gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ fún owó páàkì etí títì, ohun tó bá sì ṣẹ́kù, wọn kò lè ná an bó ṣe wù wọ́n: ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọkọ̀ èrò, àtúnṣe ọ̀nà àti irú wọn ni. Ní 2011, káńsù Barnet ní London gbé owó ìwé páàkì àwọn olùgbé láti £40 sí £100 lọ́dún. Ọ̀kan nínú àwọn ará àdúgbò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ gíga, ó sì jàre ní 2013. Adájọ́ ní òfin yẹn kò fún káńsù láṣẹ láti fi páàkì wá owó kún àpò. Mo ro ìyẹn sí Abẹ́òkúta. Ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ẹ̀rí wo ni mo fẹ́ kó dání? Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já fún mi kò sọ ọjọ́, kò sọ wákàtí.

Kíkà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wọn, kò sì nílò ìmọ̀ àrà. Wọ́n á kọ́kọ́ ka iye àyè tó wà ní títì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á máa rìn yí po láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí tàbí ní ààbọ̀ wákàtí, á máa kọ díẹ̀ lára nọ́ńbà mọ́tò tó bá bá níbẹ̀. Ìwé yẹn á fi hàn bí àyè ṣe ń kún láti wákàtí dé wákàtí, àti bí mọ́tò kan ṣe pẹ́ tó lójú kan. Donald Shoup, ọ̀jọ̀gbọ́n ní UCLA, yunifásítì kan ní California, tó kú ní 2025, fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé kí ìlú wá iye owó tí yóò jẹ́ kí àyè kan tàbí méjì máa ṣófo ní títì kọ̀ọ̀kan, kí nǹkan bíi 85 nínú 100 kún. Redwood City, ìlú tí kò tóbi ní California, sọ ọ́ di òfin ní 2005: owó wọ́n ní títì Broadway tí gbogbo èèyàn ń dù, ó sì dínwó fún ẹni tó bá lè rìn díẹ̀.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tú àṣírí kan: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jà gan-an wà lára àwọn tó ń gba àyè oníbàárà. Ní Kútọ̀, ọjà mìíràn ní Abẹ́òkúta, mọ́tò oníṣọ́ọ̀bù á ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, kò ní kúrò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oníbàárà á yí po, á rẹ̀ ẹ́, á lọ ra ọjà níbòmíràn. Oníṣọ́ọ̀bù náà kò ṣe é láti fi ni ẹnikẹ́ni lára. Kò sẹ́ni tó fi ibòmíràn hàn án rí ni.

N kò ní parọ́ mọ́ ilé, nítorí ohun tí Abẹ́òkúta ní, ẹ̀rọ kankan kò lè ṣe é. Ní òde ìyàwó, ẹni tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn á ké pé, "Ẹni tó ni Corolla aláwọ̀ eérú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti dí àwọn àna wa mọ́nú!" Onímọ́tò á sáré jáde, á bẹ̀bẹ̀, gbogbo ẹ̀ á parí síbẹ̀. Àwọn kan ń fi nọ́ńbà fóònù wọn síwájú mọ́tò kí wọ́n lè pè wọ́n. Ní Durham, ẹni tí mọ́tò bá dí mọ́lé máa pe ọ́fíìsì ni, kì í pe èèyàn. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ti ilé wá sì ni ìtọ́jú arúgbó, láti ilé dé ilé. A máa lo àsìkò díẹ̀ níhìn-ín, a máa wá àyè lọ́hùn-ún, owó páàkì á sì máa bu owó iṣẹ́ tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ. Ìyẹn kò dára, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ̀tọ́ kan wà níbí tí mo fẹ́ kó dé ilé kíákíá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn dáadáa lè gba káàdì Blue Badge, èyí tó lè fi dúró lórí ìlà yẹ́lò fún wákàtí mẹ́ta níbi tí wọn kò bá ti ka jíja ẹrù léèwọ̀. Kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ní Ìtòkú, àánú ọlọ́jà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò.

Èkó ti ní òfin tó dá àjọ páàkì sílẹ̀ láti 2018. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí Abẹ́òkúta má fi gbígba owó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kọ́ afárá ọkọ̀ sí Ìbarà, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n títì tí a bá fẹ̀ láì kọ́kọ́ ka iye mọ́tò tó ń dúró níbẹ̀, mọ́tò á sùn sétí rẹ̀ ni. Kí wọ́n ka mọ́tò ní Ìtòkú àti Kútọ̀ ná, ọjọ́ tí ọjà kún àti ọjọ́ tí kò kún. Kí wọ́n gba àwọn ọmọkùnrin tó ń darí mọ́tò síṣẹ́ náà, torí wọ́n mọ mọ́tò tó ń pẹ́ àti wákàtí tí títì ń kún, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn. Kí wọ́n kọ iye owó sára ògiri ní Yorùbá. Ní Pasadena ní California, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò fẹ́ ẹ̀rọ páàkì, títí ìlú fi ṣèlérí pé àdúgbò wọn ni owó náà máa tún ṣe. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀ ní 1993, owó rẹ̀ sì tún ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti kọ̀rọ̀ wọn ṣe. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí wọ́n lẹ iye tó wọlé lóṣooṣù mọ́ ẹnu ọjà tí wọ́n ti gbà á, pẹ̀lú gọ́tà tàbí ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n fi ṣe, kí Ìyá aláṣọ lè kà á tàbí kí wọ́n kà á fún wọn.