Ẹ bi ọmọ ní "kí ló dé?" kí ẹ tó tún káàdì rẹ̀ tò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú pínpín ẹranko sí ọ̀wọ́

Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi, tó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ni kí ọmọ jókòó to káàdì ẹranko rẹ̀ tán, kí àǹtí dé, kó ní "Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀," kó sì tún un tò lójú ọmọ náà. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Ọmọ á fa ọwọ́ sẹ́yìn. Tí ẹ bá tún gbé káàdì lé e lọ́wọ́, kò ní wo àwòrán mọ́, ojú yín ni yóò máa wò. Á na káàdì sápá ọ̀tún. Tí ojú yín bá le, á yí i sápá òsì. Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín, á fi í síbẹ̀. Gbogbo káàdì á dé ibi tó yẹ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ojú àǹtí nìkan ló kà.

Ọmọ ọdún 4 kan kó ewúrẹ́, adìyẹ àti ajá sójú kan, ó kó ẹyẹlé àti àgùntàn sójú kejì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tú u ká kí ẹnìkan tó bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí wà nílé wa. Àwọn yẹn wà nílé bàbá àgbà." Ìpín tó péye ni. Kò sí ẹyọ kan tó ṣìnà nínú wọn. Ìyẹ́ ni olùkọ́ ní lọ́kàn, kò sì sọ ọ́ lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wò, ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan káàdì: "Lónìí, ìyẹ́ là ń wò. Èyí tó ní ìyẹ́ lára, ibí. Èyí tí kò ní, ọ̀hún." Ẹ mú ohun tí ojú lè rí lórí àwòrán. "Èyí tó ń fò" máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ọmọ ò rí adìyẹ kó fò bí ẹyẹlé. "Èyí tó ń gbé inú omi" burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́? Àkèré ńkọ́? Ẹ má sì sọ pé ìpẹ́ la fi ń mọ ẹja, nítorí àrọ̀ tí àwọn ọmọ wa mọ̀ jù kò ní ìpẹ́, ejò sì ní in.

Páálí ni mo fi ń gé káàdì, sẹ̀ǹtímítà 10 ní òró àti ìbú, mo sì ń fi sẹ́lótéèpù bo ojú rẹ̀ nítorí itọ́ àti omi. Okùn méjì, mítà 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ta ní kókó, á fún yín ní òbìrí méjì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ gbé àtẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún "kò tíì dá mi lójú". Àtẹ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ máa méfò. Ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 10, káàdì mẹ́fà péré ní ìbẹ̀rẹ̀: adìyẹ, pẹ́pẹ́yẹ, ẹyẹlé, ewúrẹ́, ajá, màlúù. Tí ẹ bá ń lo ẹranko oníke, èyí tó bá lè gba inú páálí róbótó tí a ń wé tíṣù ilé ìgbẹ̀ mọ́ kọjá, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó lè há ọmọ lọ́nà ọ̀fun.

Àwòrán gan-an máa ń da nǹkan rú. Ewúrẹ́ tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ lè fi ẹsẹ̀ mẹ́ta péré hàn. Tí ẹsẹ̀ bá jẹ́ ohun tí a ń kà, ọmọ á ní mẹ́ta, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ wá fọ́tò tí gbogbo ẹsẹ̀ ti hàn: mẹ́rin fún ewúrẹ́, mẹ́fà fún eèrà, mẹ́jọ fún aláǹtakùn. Erin àti eèrà tí wọ́n tóbi bákan náà lórí káàdì kò ṣeé fi kọ́ títóbi. Ìjàpá tó wọ ẹ̀wù, tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ẹ fi sílẹ̀ fún àlọ́. Tí àwọ̀ bá sì ń tàn yòò, àwọ̀ ni ọmọ ọdún 3 máa fi pín wọn, ohun yòówù kí ẹ wí.

Kì í ṣe pé kí a fi ọmọ sílẹ̀ nínú àṣìṣe o, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ní ẹyẹlé kò ní ìyẹ́, ẹ gbé ìyẹ́ gidi lé e lọ́wọ́, kó fi wé àwòrán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ló ń ṣáájú.

Ẹ má yí ohun tí a ń wò padà lọ́jọ́ kan náà. Ìdánwò káàdì tí Philip Zelazo, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, níbi tí wọ́n ti ń yí ìlànà pípín padà láàárín eré, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 3 ṣì máa ń pín in bíi ti àkọ́kọ́, kódà nígbà tí wọ́n lè fẹnu sọ ìlànà tuntun. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ sì máa tún ìlànà tuntun sọ lórí káàdì kọ̀ọ̀kan.

Àdán ni kó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí káàdì bá ti tó 12. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò ṣeku, kò ṣẹyẹ, ṣùgbọ́n ìyẹ́ là ń wò: irun ló wà lára rẹ̀, awọ ni apá rẹ̀. Ẹ lo fọ́tò ńlá tí irun náà ti hàn. Púpọ̀ nínú wọn á gbé e sórí àtẹ, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ló dé. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tíì já gaara lẹ́nu rẹ̀, ẹ ní kó fi ìka hàn yín ibi tó wò lára àwòrán. Ibi tí ìka rẹ̀ bá tọ́ka sí ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.