Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára iná tó jó ilé wa: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín wà?

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Lagos, tí lándílọ́ọ̀dù ti fi irin dí gbogbo fèrèsé nítorí olè, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ dìde lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín ná. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ibẹ̀?

Tiwa, ọwọ́ lándílọ́ọ̀dù ló wà. Òun ń gbé ní Ìpájà, àwa wà ní Mushin. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tá ò sọ̀rọ̀, a sọ ọ́ títí ẹnu fi bó wa, ó ní àwa tẹ́náǹtì la máa ń ṣílẹ̀kùn fólè. Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ká ti kó jáde nígbà yẹn o, ẹni tó bá ti wá ilé gbé ní Lagos rí mọ iye tí àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n jẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ò ju ohun tí gbogbo wa ń rí lọ. NẸ́PÀ múná dé lóru, iná yẹn ga jù, gílóòbù ń mọ́ yòò, kẹ́nikẹ́ni tó rántí lọ pa á, fíríìjì àwọn ará ìsàlẹ̀ ti gbiná. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni kálukú ń kó kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ sí, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo yẹn náà la sì ní.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá, mi ò rí iná o. Èéfín dúdú ni, ó ń ta ni lọ́fun bí ẹni ń yan ata, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo gbé àbíkẹ́yìn mi, mo fa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́wọ́, a rákò dé bákónì, bákónì tí wọ́n fi irin kàn látòkè délẹ̀. Mò ń rí ìta, mò ń rí àwọn èèyàn nísàlẹ̀ tí wọ́n gbé fóònù sókè tí wọ́n ń ká wa sí fídíò, ẹnìkan ń pariwo pé "Ẹ bẹ́! Ẹ bẹ́!" Ibo la fẹ́ gbà bẹ́? Mo gbé imú ọmọ sáàárín irin kó lè rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ mí. Sílìn PVC ti ń yọ́ lẹ́yìn wa, ó ń kán sílẹ̀ tiná tiná. Ọmọ mi obìnrin ní, "Mọ́mì, ẹ ṣí i." Ó ń sọ ọ́ ṣáá, "Ẹ ṣí i."

Àwọn ọmọ onídánfó ló gun àkàbà, wọ́n fi jáàkì mọ́tò fẹ irin yẹn títí tó fi gbà wá. A ti kúrò ní ọsibítù, a wà lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ìkòròdú, ẹ bá wa dúpẹ́.

Màmá tó wà ní yàrá kẹta ò jáde. Iná ò kàn wọ́n rárá, èéfín ló pa wọ́n, ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn gan-an ni wọ́n ti bá wọn.

Táwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ iná Lagos, ti Abúlé Ẹ̀gbá lọ́dún 2006 ni wọ́n máa sọ, tàbí táńkà tó jó mọ́tò tó lé ní 50 ní Otedola Bridge ní 2018. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irin ojú fèrèsé ńkọ́? Ilé tó jó ní Broad Street ní September 2025, wọ́n ní yàrá inverter nísàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, èéfín gun òkè, àwọn òṣìṣẹ́ ń bẹ́ látojú fèrèsé. Èèyàn 10 ló kú níbẹ̀, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, àmọ́ àwọn yẹn rí fèrèsé bẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ yé kó epo sínú ilé, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ kó tutù kẹ́ ẹ tó bu epo sí i, kí sìlíńdà gáàsì wà níta. Ẹ tètè pe 112 tàbí 767, ládùúgbò wa kálukú rò pé ẹlòmíì ti pè. Àwọn kan ń bú panápaná pé wọ́n pẹ́, mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mọ́tò àti kíóòsì ti dí ojú títì pa, ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ gbà wọlé? Tí èéfín bá dé, ẹ má dúró lóòró, ẹ rákò. Ẹ rákò lọ síbo tí kò bá sí kọ́kọ́rọ́? Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ inú ilé, níbi tí ọmọdé lè nawọ́ mú un. Tí lándílọ́ọ̀dù bá kọ̀, ẹ dáwó jọ, ẹ pe wẹ́dà kó gé irin fèrèsé kan sí ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí látinú, kó bínú tó bá fẹ́.

Lándílọ́ọ̀dù tiwa ti ń tún ilé yẹn ṣe báyìí. Ẹni tó kọjá níbẹ̀ ní wẹ́dà ló kọ́kọ́ pè wá, bákónì ló ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.