"Ta ló gbẹ́ òkun?": ìyá mi ní Montego Bay

Ọ̀gá mi bá mi wí lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí pé ìyá mi jókòó sí etí òkun. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn kò sí níbẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni mo ti ń ṣírò owó níbí, ní Montego Bay, ní Jàmáíkà. Màmá wá láti Abẹ́òkúta láti bá wa wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ náà, wọ́n pọn ọmọ wá bá mi níbi iṣẹ́ kí n lè fún un lọ́mú nígbà ìsinmi ọ̀sán. Bí mo ṣe padà sídìí iṣẹ́, wọ́n rí ọ̀nà tóóró kan tó gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ já sí iyanrìn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tẹ́ ìborùn wọn, wọ́n jókòó. Wọn kò fọwọ́ kan àga ẹnikẹ́ni. Wọn kò tiẹ̀ tẹsẹ̀ bọ omi, torí Màmá kì í bá omi tí wọn kò mọ̀ ṣeré.

Ọ̀gá pè mí. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ga. Ó ní àwọn àlejò tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kò sanwó láti máa wo ẹbí òṣìṣẹ́. Ó ní ìyá àgbà yẹn kò ní báńdì lọ́wọ́, ìyẹn okùn tí hòtẹ́ẹ̀lì ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ àlejò. Ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, ìwé ni wọn yóò fún mi. Mo ní kó má bínú. Nígbà tí mo délé ni mo tó sunkún, inú ẹkún yẹn náà ni mo sì wà tí mo ń kọ èyí.

Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iyanrìn ni wọ́n rán pé kó lọ lé wọn. Kò lé wọn. Ó bá wọn ká ìborùn, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, ó gba àpò ọmọ lọ́wọ́ wọn, ó ń pè wọ́n ní Mama, ó sì ń bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wá sọ fún mi ní jẹ́jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an lòun ti kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tóun wà ní kékeré, kí ògiri tó dé. Nísinsìnyí, tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ òun wọ omi, ó ní láti wọkọ̀ lọ síbòmíràn. Iyanrìn tó ń ṣọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n bi mí pé, "Ta ló gbẹ́ òkun náà tó fi di tiwọn?"

Ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn níbí, ìdáhùn náà kò sì dára. Ní 1956, nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lórí Jàmáíkà, wọ́n ṣe òfin etíkun kan, Beach Control Act. Òfin náà fi gbogbo etí omi àti ilẹ̀ abẹ́ òkun sábẹ́ ìjọba, ẹni tó bá sì fẹ́ lo apá kan rẹ̀ fún òwò yóò lọ gba ìwé àṣẹ. Wọ́n rántí àwọn apẹja, wọ́n dá àṣà wọn sí. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú òfin náà tó sọ pé ọmọ ìlú lásán ní ẹ̀tọ́ láti gba ibẹ̀ kọjá lọ wẹ̀. Jàmáíkà gba òmìnira ní 1962, òfin náà kò lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì ń gba ìwé àṣẹ, ògiri ń gùn sí i. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní JaBBEM, wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ lórí oríṣiríṣi etíkun, Mammee Bay àti Bob Marley Beach wà lára wọn. Mo gbà fún wọn tọkàntọkàn. Ẹ wo Barbados tó wà nínú omi kan náà: gbogbo etíkun ibẹ̀ ni ará ìlú lè dé, hòtẹ́ẹ̀lì sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé òwò àwọn àlejò kò lè dúró láìsí ògiri.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ ba Jàmáíkà lórúkọ jẹ́ o. Mo fẹ́ràn ibí. Òkun Èkó tí a dàgbà bá, ramúramù ni, ìgbì rẹ̀ kì í dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Níbí, iyùn ló hù bí àpáta sábẹ́ omi lọ́ọ̀ọ́kán, òun ló ń gba ìgbì lójú kó tó dé ilẹ̀, omi á wá dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú àwo, ẹ ó máa rí èékánná ẹsẹ̀ yín nínú rẹ̀. Iyanrìn funfun tí wọ́n ń yà sínú fọ́tò yẹn, iyùn tó fọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹja kan wà tí ẹnu rẹ̀ rí kọdọrọ bíi ti ayékòótọ́, ó máa ń gé iyùn jẹ, ohun tó bá sì yà sílẹ̀ á di iyanrìn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú: "Ìgbẹ́ ẹja ni wọ́n wá ń gba dọ́là lé lórí!" Ọ̀rọ̀ yẹn ni a fi ń ṣeré nílé wa báyìí. Tí ọkàn mi bá fẹ́ bàjẹ́, Màmá á ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ìgbẹ́ wọn."

Oúnjẹ náà tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Iṣin! Iṣin tí à ń ṣà jẹ lábẹ́ igi nígbà tí a bá ti iléèwé dé, òun ni èso orílẹ̀-èdè níbí. Wọn kì í jẹ ẹ́ ní tútù, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ẹja oníyọ̀ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà, á wá dà bí ẹyin díndín lójú. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti bá ọkọ̀ dé ibí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé náà ni wọ́n mọ̀ ọ́n: èyí tí kò bá fúnra rẹ̀ là lórí igi, májèlé ni. Màmá jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n lọ bá wọn gún ata.

Falmouth ni mo mú wọn lọ lọ́jọ́ ìsinmi mi, torí mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ilé àtijọ́. Ìlú náà ti wà láti 1769, owó ìrèké ni wọ́n fi kọ́ ọ. Omi ẹ̀rọ dé ibẹ̀ ní 1799, kó tó dé New York. Ìsàlẹ̀ àwọn ilé náà jẹ́ òkúta tàbí bíríkì, òkè wọn jẹ́ pákó. Pákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sí ojú fèrèsé, ó dagun díẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé kí òjò má wọlé. Àwọn kan tún ní àpótí pákó tí wọ́n kàn mọ́ fèrèsé lóde, cooler ni wọ́n ń pè é: ó ń dí oòrùn, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ wọ yàrá. Màmá ki ọwọ́ bọ inú ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní ó tutù. Wọ́n ní ta ló mọ irú iṣẹ́ báyìí ṣe?

Ẹrú ni. Àwọn tó gé òkúta yẹn, tó la pákó yẹn, tó kan ìṣó rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n jí gbé láti apá ọ̀dọ̀ wa.

Láti 2011 ni èbúté ọkọ̀ afẹ́ ti wà ní Falmouth. Lọ́jọ́ tí a lọ, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ tó ga ju gbogbo ilé ìlú lọ, àwọn èrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ra nǹkan nínú ọgbà èbúté, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n tún padà wá wọkọ̀. Obìnrin tó ń ta àgbọn lẹ́yìn gẹ́ẹ̀tì kò tíì ta ju díẹ̀ lọ. Lọ́dún 2024, àlejò tó wọ Jàmáíkà lé ní mílíọ̀nù 4. Mo wo obìnrin yẹn, mo ń rò ó pé apá ibo lowó wọn ń gbà kọjá.

Mo rántí Pópó Àgùdà ti Èkó níbẹ̀. Ti Falmouth, ẹrú ló kọ́ ọ fún olówó. Ti Pópó Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil àti Cuba bọ̀ ló kọ́ ọ fún ara wọn àti fún ọmọ wọn. Ìyẹn ló yẹ ká fọwọ́ méjèèjì dì mú. Ilé Ìlọ́jọ̀ tó wà ní Tinubu, ọ̀kan lára irú ilé bẹ́ẹ̀, 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ pé ohun ìní orílẹ̀-èdè ni, ní 2016 wọ́n wó o palẹ̀. Bar Beach tí gbogbo wa lọ ní Kérésìmesì ti di ilẹ̀ Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2020, wọ́n lé àwọn ará Tarkwa Bay jáde kúrò nílé wọn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ ti Jàmáíkà, ẹ má fi ọwọ́ lẹ́rán. Mo mọ̀ pé à ń sanwó gẹ́ẹ̀tì ní etíkun Elegushi l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá san án, ó ń bá ìyá rẹ̀ wọlé, ẹlẹ́ṣin á ṣe bí ẹni fẹ́ gbé e ṣubú, ẹlẹ́ran súyà á pè é, kò sì sí ẹni tó máa wo ọrùn ọwọ́ màmá ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run, àárò ilé ń sọ mí.

Ìjì Melissa dé ní 28 oṣù Kẹwàá, 2025. Oyún ọmọ yìí wà nínú mi. Inú balùwẹ̀ lèmi àti ọkọ mi wà pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì, a gbọ́ tí páànù aládùúgbò ṣí kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. New Hope ní Westmoreland ni ìjì náà ti wọlẹ̀, kò sí èyí tó le tó bẹ́ẹ̀ tó tíì balẹ̀ sí Jàmáíkà láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀. Ó wó Black River, ìlú àwọn ilé onípákó tó lẹ́wà jù lójú mi ní erékùṣù yìí, pákó fèrèsé wọn fọ́n ká ojú títì. Mi ò lè ronú kan Black River kí n má rántí Zong, ọkọ̀ ẹrú kan. Ní oṣù Kejìlá 1781, ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí, lẹ́yìn tí àwọn atukọ̀ ti ju èèyàn bíi 130 sómi láàyè, kí olówó wọn lè gba owó ìdójútòfò. Òkun kan náà ni. Àwọn tó kù nínú ọkọ̀, ní èbúté Black River ni wọ́n ti tà wọ́n. Àwọn ọmọ ọmọ irú àwọn èèyàn yẹn ni à ń béèrè báńdì lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lè jókòó sórí iyanrìn.

Lẹ́yìn ìjì, ìjọba fi 15 oṣù Kejìlá ṣe ọjọ́ tí ìrìn-àjò afẹ́ gbọ́dọ̀ padà bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, mi ò sì kórìíra rẹ̀, òun la fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi iṣẹ́ wa, Westmoreland nilé rẹ̀ wà. Ó ń tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ àjà tuntun, tapólì ló sì ń padà lọ sùn sí abẹ́ rẹ̀. Òrùlé hòtẹ́ẹ̀lì ti parí tipẹ́tipẹ́.

Westmoreland náà ni Abeokuta wà. Bẹ́ẹ̀ ni, Abeokuta. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, wọ́n kó àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú wá sí Jàmáíkà láti wá ṣiṣẹ́ oko, ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀dó sí apá ibẹ̀, Nago ni wọ́n ń pè wọ́n títí dòní. Màmá kò gbà kí n mú wọn lọ sí ibòmíràn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Kò sí àpáta Olúmọ níbẹ̀, òkè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Bàbá arúgbó kan jókòó síwájú ilé tí wọ́n ń tún orí rẹ̀ kàn. Nígbà tí mo sọ fún un pé Abẹ́òkúta ti ilé ni ìyá mi ti wá, ó dìde, ó bọ́ fìlà. Màmá kí i bí a ṣe ń kí àgbà nílé, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Kò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n dé ilẹ̀ tó fi fà wọ́n dìde. Wọ́n fún wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ odindi ìtì kan. Ẹnikẹ́ni kò bi wá ní ẹni tí a jẹ́.

Tí ẹ bá ń múra láti wá sí Jàmáíkà fún ìsinmi, ẹ wá. Ẹ gba hòtẹ́ẹ̀lì tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń tún yàrá yín ṣe pé níbo ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wẹ̀ lókun, kí ẹ sì ná díẹ̀ nínú owó yín níbẹ̀. Ní Montego Bay, Dead End ni wọ́n máa sọ fún yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ̀ òfuurufú á máa fò kọjá lórí yín débi pé ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ara yín. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ máa bá ìyá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti àkàrà nínú kúlà, wọ́n á sì fún yín jẹ.