Fọ́ǹtì tó pòórá nínú dialog

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ kóòdù fún Windows, fọ́ǹtì lásánlàsàn ló gba odindi ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àkọlé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó tóbi nínú dialog, ìyẹn fèrèsé kékeré tí ètò fi ń bá ẹni tó ń lò ó sọ̀rọ̀. MFC, àkójọ kíláàsì C++ tí Microsoft ṣe fún Windows, ni mo ń lò: mo ṣẹ̀dá CFont (kíláàsì tó ń di fọ́ǹtì mú) nínú OnInitDialog, fọ́nṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ kí dialog tó hàn, mo pe SetFont láti fi fọ́ǹtì náà sára àkọlé, kóòdù lọ geere. Àfi bí dialog ṣe ṣí, tí mo rí lẹ́tà kan tó ki, tó dúdú, tí n kò yàn. Mo pààrọ̀ orúkọ fọ́ǹtì, mo pààrọ̀ ìwọ̀n, pàbó ló já sí.

SetFont kì í da fọ́ǹtì kọ. HFONT, tí í ṣe nọ́ńbà tí Windows fi mọ̀ ọ́n, nìkan ló ń fi lé control (àkọlé tàbí bọ́tìnnì inú dialog) lọ́wọ́. Inú OnInitDialog ni CFont tèmi ń gbé. Bí iyẹn ṣe parí ni destructor, kóòdù tó ń palẹ̀ nǹkan mọ́ bí àkókò rẹ̀ bá tán, pa á rẹ́. Control wá dà bí ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ti wó. Mo gbé CFont sínú kíláàsì dialog fúnra rẹ̀, wàhálà tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Win32 lásán, láìsí MFC, ẹ má pe DeleteObject, tó ń pa fọ́ǹtì rẹ́, àfi tí dialog bá ti pa dé. Ẹ má sì gbàgbé láti pè é o: bí GDI handle (àwọn nọ́ńbà bíi HFONT) inú ètò yín bá pé 10,000, Windows kì í sábà fún yín ní òmíràn mọ́.

Ní ti ìwọ̀n, lfHeight, ibi tí ẹ ń kọ gíga fọ́ǹtì sí, kì í ṣe point, ìwọ̀n lẹ́tà tí a sábà ń lò. Ẹ fi point ṣe ìlọ́po DPI (iye àmì tó wà nínú íǹṣì kan lójú kọ̀ǹpútà), ẹ pín in sí 72, kí ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀: point 9 lórí 96 DPI jẹ́ -12, lórí 144 DPI ó di -18. Láìsí àmì yẹn, lẹ́tà á kéré ju bí ẹ ti fẹ́ lọ.

Bó bá jẹ́ gbogbo dialog lẹ fẹ́ yí padà ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ fi kóòdù da ara yín láàmú. Ìlà FONT inú fáìlì .rc, níbi tí a ti ń ṣàpèjúwe dialog, ni kí ẹ tún ṣe, torí fọ́ǹtì ibẹ̀ ni Windows fi ń ṣírò bí dialog àti bọ́tìnnì inú rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Bí ẹ bá pààrọ̀ fọ́ǹtì lẹ́yìn tí dialog ti dúró, bọ́tìnnì ò ní fẹ̀ sí i, “Fagi lé e” á di “Fagi l”. Mo ti fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà rí. Òun ló kọ́kọ́ rí i.