Bí ẹsẹ̀ bá ń jó ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ife

Ẹni tó bá ń lo oògùn ikọ́ ife, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lóru, kó tètè wí fún nọ́ọ̀sì. Kó má dá oògùn dúró, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ ló tẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi nìyẹn ní Ọjà Atákúmọ̀sà, ní Iléṣà níbí. "Bọ̀dá, ẹ ti tẹ nǹkan o!" Ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì tiẹ̀ ti mọ bàbá tó máa wẹ ẹsẹ̀ náà. Láti ọmọ ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Á kú fún ìgbà díẹ̀, á tún máa ta bí ìgbà tí èèrùn bá bò ó. Aṣọ ìbora lásán kàn án, mo fò.

Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi mọ̀ ọ́n. Isoniazid, ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, máa ń gba fítámìn B6 mọ́ ara lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kò lè ṣe láìsí i. Iṣan tó gùn jù ló ń kọ́kọ́ jìyà, èyí tó sì ti ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ ní gígùn. Ló fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń mú ṣáájú ọwọ́.

Ti àbùdá ló yà mí lẹ́nu jù. Èmi àti àbúrò mi la jọ lo oògùn yìí, ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ NAT2, àbùdá tó ń pinnu bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń yára tú isoniazid palẹ̀ tó. Ẹni tó bá jogún èyí tó lọ́ra lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, oògùn á pẹ́ lára rẹ̀, iṣan rẹ̀ á sì tètè faragbá. Ọmọ bàbá kan náà, ọmọ ìyá kan náà, ohun tó kan kálukú nínú ogún lè yàtọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń mutí, aláboyún, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí HIV, ẹ béèrè B6 láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fún mi ní tèmi, jíjó náà sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kàn lọ máa rà á mu fúnra yín ṣá: B6 tó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ ń ba iṣan kan náà jẹ́. Omi gbígbóná tí wọ́n ní kí n ki ẹsẹ̀ bọ̀, mo kọ̀ ọ́, torí ẹsẹ̀ tó kú kì í mọ̀gbà tí omi bá ń bó o. Ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi tọ́ omi wò, kẹ́ ẹ sì máa wọ bàtà, kódà nínú ilé.