Gbígbẹ́ payara onígi: ibi tí iṣẹ́ dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní: àwòrán àti pákó

Ère náà yóò gùn ní 60 cm láti imú dé ìpẹ̀kun ìrù. Gíga ara rẹ̀ 14 cm, ìnípọn rẹ̀ 5 cm níbi tó nípọn jù. Hydrolycus armatus ni ẹja tí à ń wò gbẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní payara ní agbègbè odò Orinoco ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí àwọn ará Brazil ń pè ní cachorra. Nínú odò, ó lè gùn tó nǹkan bíi mítà kan.

Kí ẹni tó ń wo fọ́tò ṣiṣẹ́ ṣọ́ra. Irú Hydrolycus mẹ́rin ló wà, fọ́tò wọn sì máa ń dà pọ̀. H. tatauaia, tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1999, ní ìrù tó pọ́n. Èdè Tupi, èdè ìbílẹ̀ kan ní Brazil, ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ó dà bí ẹni pé “ìrù iná”. Bí a bá wo ìrù lára ọ̀kan, tí a wo orí lára òmíràn, ẹja tí kò sí nínú odò kankan la máa gbẹ́.

Pákó jẹ́ 62 × 16 × 6 cm, igi fúyẹ́ tí iṣan rẹ̀ tọ́, tí kò ní kókó. A ń gbé e sórí òṣùwọ̀n ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ìgbà tí ìwúwo rẹ̀ kò dín mọ́ ni ayùn tó kàn án. Igi tútù á súnkì lẹ́yìn tó bá ti di ẹja, ìdí ìrù ni yóò sì kọ́kọ́ sán.

Párì ìsàlẹ̀ kò bá ara wá láti inú pákó kan náà. Ẹnu payara kọjú sókè bí ẹni tó ń wo àjà. Tí a bá gbẹ́ párì mọ́ ara, iṣan igi á gba ìbú rẹ̀ kọjá, díẹ̀ báyìí ló sì máa fi kán. Igi líle lọ́tọ̀ la lò, tí iṣan rẹ̀ bá párì lọ láti ìdí dé ṣóńṣó.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ihò ṣáájú orí

Eyín gígùn méjì tó wà níwájú párì ìsàlẹ̀ payara ní ihò tí wọ́n ń wọ̀ lókè nígbà tí ẹja bá pa ẹnu dé. Kí pákó tó pàdánù igun rẹ̀ la ti lu ihò méjèèjì: fífẹ̀ 6 mm, jíjìn 32 mm, 14 mm láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì. Pákó onígun mẹ́rin á jókòó pẹ̀sẹ̀ lábẹ́ dírílì. Orí tí a ti gbẹ́ tán á máa yí, á sì fà ya.

Igi tó kù láàárín ìdí ihò àti òkè imú kò ju 4 mm lọ. A fi pẹ́ńsùlù sàmì síbẹ̀, torí fáìlì onígi kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: eyín

Ibí ni iṣẹ́ wà, ibí náà ló ti bàjẹ́.

Egungun itan màlúù la fi ṣe eyín. A rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, à ń pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ kí ọ̀rá lè jáde. Má ṣe sè é títí; egungun tó bá hó pẹ́ á di ẹfun, á máa rún. A fi ayùn irin gé e sí 40 × 5 × 5 mm: 10 mm á wọ inú párì, 30 mm á yọ síta, ìdí rẹ̀ 4 mm. Kí egungun wà ní tútù nígbà tí a bá ń fi fáìlì fá a, kí a sì bo imú, torí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

A fi wáyà 2 mm gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá kí párì lè máa ṣí, kó máa pa dé. Eyín méjì àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán. Ẹnu kò pa dé. Orí eyín ń gún igi níwájú ihò, ọ̀kan sì ṣẹ́. Ìdí rẹ̀ rèé: láti wáyà dé ìdí eyín jẹ́ 70 mm, ṣùgbọ́n láti wáyà dé orí eyín tó dúró ṣánṣán jẹ́ 76 mm. Párì ń yí po wáyà ni, torí náà orí eyín á balẹ̀ ní 6 mm síwájú ibi tí àárín ihò wà. Fífẹ ihò kò ràn án, nítorí imú á tín-ín-rín jù.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí eyín tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí orí rẹ̀ fi nǹkan bíi 7 mm wà lẹ́yìn ìdí rẹ̀. Nígbà náà, orí àti ìdí jìnnà sí wáyà bákan náà, eyín á sì wọlé wẹ́rẹ́. Egungun tó fẹ̀ tó 12 mm la gé fún èyí, nítorí fáìlì la fi ṣe ìtẹ̀ náà. Egungun gbígbẹ kì í gbà kí a tẹ òun.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: lẹbẹ, ìpẹ́, ọ̀dà

Lẹbẹ jẹ́ bàbà pẹlẹbẹ 0.3 mm, tí a fi irin tí kò mú fa ìlà sí, tí a sì kì bọ ojú ayùn tó jìn ní 5 mm. Lẹbẹ ẹ̀yìn kì í ṣe ní àárín, ó sún sí apá ìrù.

Ìpẹ́ payara kéré púpọ̀, fífi ọ̀bẹ gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìyà lásán. A na àwọ̀n olójú 2 mm mọ́ ara funfun, a fọ́n ọ̀dà fàdákà gbà á kọjá. Níbi tí àwọ̀n ti rọ̀, lábẹ́ ikùn, àmì náà ṣú pọ̀. A fi bébà ìfági 400 nù ún, a tún un fọ́n. Ẹ̀yìn gba ọ̀dà tó ṣú, àmì dúdú tó dúró lóòró sì wà lẹ́yìn ìdérí ibi tí ẹja ń gbà mí.

Fánísì kò tíì kàn án. Ojú òsì fi 1 mm ga ju ti ọ̀tún lọ. A máa fi eruku igi àti gọ́ọ̀mù dí ihò ojú náà, ká dúró fún wákàtí 24, ká tó tún un lù.