Ọmọbìnrin Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìkànìyàn

Ohun kan ṣoṣo tí ìyá ọkọ mi mọ̀ nípa ìyá àgbà wọn ni pé Dundee, ìlú kan ní Scotland, ló gbé, àti pé ilé-iṣẹ́ jute, okùn tí wọ́n fi ń hun àpò, ló ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí Màmá pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, mo ní n ó bá wọn wá a.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ní Scotland. Ìwé ìgbéyàwó máa ń dárúkọ òbí ọkọ àti òbí ìyàwó, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kó tó wọ ilé ọkọ. Ìwé ikú náà máa ń dárúkọ òbí olóògbé. Mo bẹ̀rẹ̀ lórí ScotlandsPeople, ìkànnì tí ìjọba Scotland kó àwọn ìwé yìí sí, láti orí ìgbéyàwó màmá Màmá, ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ ìyá àgbà. Ìwé ikú rẹ̀ ló fi òbí rẹ̀ hàn mí. £1.50 ni àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan, mo sì ra mélòó kan tó jẹ́ ti ẹlòmíràn kí n tó kan ìwé ìbí rẹ̀: Dundee, oṣù kẹsàn-án ọdún 1855.

1855 yẹn ni inú mi dùn sí jù! Ọdún náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ jákèjádò Scotland, ìbéèrè wọn sì pọ̀ débi pé wọ́n dín in kù lọ́dún kejì. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí òbí, ibi tí wọ́n ti bí wọn, ìgbà tí wọ́n gbéyàwó, àti àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú. Akọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ọkùnrin méjì wà láàyè, obìnrin kan ti kú.

Kò sẹ́ni tó sọ nípa ọmọ yẹn fún Màmá rí.

Mo wá a. Nínú ìkànìyàn 30 oṣù kẹta ọdún 1851, bàbá, ìyá àti ọmọkùnrin méjì péré ló wà nílé. Kò sí nínú ìwé ikú ọdún 1855. Á jẹ́ pé ó ti kú kí ọdún 1855 tó dé; bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìkànìyàn yẹn ni wọ́n bí i, kò tó ọdún mẹ́rin tó fi wáyé tó sì lọ. Mo wo ìwé ìrìbọmi ìjọ, n kò rí i. Látìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ya kúrò nínú Ìjọ Scotland lọ́dún 1843, ọmọ púpọ̀ ni kò sí nínú ìwé yẹn mọ́.

Díẹ̀ ló kù kí n pàdánù ìyá ọmọ náà pàápàá. Ọmọ ọdún 19 ni lọ́dún 1841, àmọ́ 15 ni wọ́n kọ nínú ìkànìyàn, torí pé lọ́dún yẹn, ẹni tó bá ti ju 15 lọ, wọ́n máa ń fa ọjọ́ orí rẹ̀ wálẹ̀ sí 15, 20, 25, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé ikú ìyá yìí ló wá dárúkọ ìyá tirẹ̀: orúkọ kan náà tí wọ́n sọ ọmọ 1855, ìyá àgbà Màmá! Àṣà wọn ni pé àkọ́bí obìnrin ló ń jẹ́ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Bí ọmọ bá sì kú, wọ́n sábà máa ń fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tó bá tẹ̀ lé e. Kò sí ìwé tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbà pé orúkọ yẹn ni ọmọ tó kú náà jẹ́. Òun náà ni orúkọ kejì Màmá.

Màmá ní kí n tún ìlà tó sọ pé obìnrin kan ti kú yẹn kà. Mo kà á. Wọ́n ní kí n kọ ọmọ náà sínú àtẹ ìdílé, kí n fi í ṣáájú ìyá àgbà wọn, torí òun ni ẹ̀gbọ́n.